Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ògiri Bàbá

Houston, Texas
Sátidé, oṣù Kẹwàá

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màámi, ẹ kú wàhálà gbogbo. Àlàáfíà la wà. Àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé, bàbá wọn ní kí n kí yín dáadáa, èmi náà ń bá iṣẹ́ alẹ́ mi lọ. Mo rí i pé ẹ pè mí léraléra lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ ilé Bàbá tí ẹ fẹ́ tún ṣe àti ti ilé tí mo rà níbí kọjá ohun tí èèyàn ń sọ lórí fóònù kí nẹ́tíwọ̀kì tó já, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó kọ ọ́ síwèé, kí ẹ lè kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti owó kúrò nílẹ̀. Ìdajì owó páànù ilé Bàbá ti kúrò lọ́wọ́ mi lánàá, ó yẹ kó ti wọ àkáǹtì yín kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ yín. Ìdajì tó kù ń bọ̀ kí oṣù Kọkànlá tó parí. Mo ní mo máa san án, mo sì máa san án. Kò sí ohun tí mo ṣèlérí fún ẹbí yìí rí tí n kò mú ṣẹ, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á tí gbogbo rẹ̀ kò fi jáde lẹ́ẹ̀kan ni páìpù abẹ́ ilé wa níbí. Irin ni wọ́n fi ṣe é láyé ọjọ́un, ó ti dípẹtà, omi ìdọ̀tí wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú balùwẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní láti gbẹ́ ilẹ̀ wọ abẹ́ ilé, wọ́n yọ irin ìgbàanì náà, wọ́n fi páìpù oníke rọ́pò rẹ̀. Owó tí wọ́n gbà kò kéré rárá. Kì í ṣe pé mo gbàgbé ilé. N kò gbàgbé ilé.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní, ta ló ní kí n ra ilé àtijọ́? Ẹ ti sọ ọ́ tán nínú ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Àbúrò ìyàwó yín tó wá kí wa nígbà ọdún ya fọ́tò ilé wa, ó lọ fi hàn yín, ó ní ilé náà lọ sílẹ̀ bí kọ́tà àwọn tíṣà ayé Awólọ́wọ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ní Katy àti Richmond, àwọn ìlú ẹ̀bá Houston, ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun tí òpó gàgàrà wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ní Màámi ti ń gbààwẹ̀ nítorí mi. Bọ̀ọ̀dá mi, ta ló sọ fún Màámi pé ìyà ń jẹ mí? Kí ló dé tí ẹ kò bi mí kí ọ̀rọ̀ tó dé etí wọn?

Ìyà kò jẹ mí. Ẹ dákun, ẹ ka ibi tí mo kọ yìí sí Màámi létí: ilé tí mo fẹ́ rà ni mo rà. Èmi àti ọkọ mi wo èyí tó ga, a wo èyí tó ń dán, a wá padà síbi tí ọkàn wa wà.

Glenbrook Valley ni wọ́n ń pe àdúgbò wa, ní gúúsù ìlà oòrùn Houston, kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Hobby. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni wọ́n kọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ ìlú yìí tí àwọn tó ti ogun àgbáyé kejì dé sì ń wá ilé fún ìyàwó àti ọmọ. Ilé ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ní 2011, ìjọba ìlú kà á mọ́ àwọn àdúgbò ìtàn, èyí ni pé ẹnikẹ́ni kò lè dédé wó ilé tàbí kó yí iwájú rẹ̀ padà láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn o. Houston nìkan ni ìlú ńlá Amẹ́ríkà tí kò ní òfin tó ń sọ pé ibí yìí ni ilé gbígbé, ibí yìí ni ọjà, ibí yìí ni iléeṣẹ́. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ ló mọ ohun tó máa fi ṣe. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, kí ọgọ́rọ̀ọ̀rún onílé jókòó pọ̀ kí wọ́n sì gbà láti so ara wọn mọ́ òfin kí ilé wọn má bàa parẹ́, ohun ńlá ni.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí n kò gbé e ga sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí mo tilẹ̀ fẹ́, wọn ò ní fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́. Ní 1957 ni wọ́n kọ́ ilé wa. Ó lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ó sì gùn. Etí òrùlé rẹ̀ yọ síta dáadáa, tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn ọ̀sán kì í fi kan gíláàsì fèrèsé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá dé tí oòrùn rẹlẹ̀, ó máa ń wọlé títí dé àárín pálọ̀. Ẹni tó yàwòrán rẹ̀ mọ ibi tí oòrùn ń gbà. Fèrèsé wà ní iwájú, òmíràn wà ní ẹ̀yìn tó kọjú sí i, kí atẹ́gùn lè gba àárín kọjá. Tẹ̀rásò wà ní ẹnu ọ̀nà. Àwọn táìlì balùwẹ̀ ṣì jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀, aláwọ̀ ewé mínníjọ́, kò sí ẹyọ kan tó sán. Níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń gbé mọ́tò sí, ògiri kan wà tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù oníhò mọ. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ mọ irú búlọ́ọ̀kù tí mò ń wí. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ wo ilé náà, ibi ògiri yẹn ni mo dúró sí tí ọkọ mi ń pè mí tí n kò dáhùn.

Nígbà tí ìjì Beryl jà ní oṣù Keje 2024, iná lọ lọ́wọ́ ilé àti iléeṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù méjì ní Houston àti agbègbè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló wà nínú òkùnkùn àti ooru fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ilé gíga tuntun yẹn, ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n gbójú lé, fèrèsé míì ò tilẹ̀ ṣeé ṣí. Ẹ bi àbúrò ìyàwó yín dáadáa: níbo ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé Richmond kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sùn? Ilé tó jọ kọ́tà tíṣà ni. A ṣí fèrèsé iwájú, a ṣí ti ẹ̀yìn, a tẹ́ ẹní sórí tẹ̀rásò, àwọn ọmọ sì sùn. Ó mú ooru, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n a rí èémí mí.

Nínú ohùn kan náà, ẹ pa òwe fún mi pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ ní àwọn òyìnbó fúnra wọn ń wó irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ni èmi wá ń fi tèmi ṣe. Òótọ́ ni pé wọ́n ń wó o. Mo ti wà níbí pẹ́ tó láti fojú rí i, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúgbò àwọn ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé ńlá kan wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Prudential, ilé iléeṣẹ́ ìbánigbófò. Kenneth Franzheim ló yàwòrán rẹ̀, wọ́n ṣí i ní 1952, òun sì ni ilé gogoro àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ ńlá kọ́ sí ìta àárín ìlú Houston. Wọ́n ṣe odò ìwẹ̀ àti pápá tẹ́nìsì sí i fún àwọn òṣìṣẹ́. Ní oṣù Kìíní 2012, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n fi ẹ̀tù wó o. Mo ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, àwọn ọlọ́pàá ti dí ọ̀nà. Ilẹ̀ mì lábẹ́ bàtà mi, ìgbà tí eruku máa fi rọlẹ̀, òfìfo ló kù. Obìnrin àgbàlagbà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sunkún. Ibẹ̀ ló ti ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe láyé rẹ̀. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un, mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Kò jìnnà síbẹ̀ tí òtẹ́ẹ̀lì Shamrock wà tẹ́lẹ̀, èyí tí Glenn McCarthy, olówó epo, ṣí ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 1949. Wọ́n ní odò ìwẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi nínú rẹ̀ fún ìran. Ní 1986 ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn yí i ká, wọ́n ní kí wọ́n má wó o. Ní 1987, wọ́n wó o. Ilé ìtajà Foley's ti 1947, tí Franzheim kan náà yàwòrán rẹ̀ láàárín ìlú, wọ́n fi ẹ̀tù wó òun náà ní oṣù Kẹsàn-án 2013, ilé gogoro gíláàsì mìíràn ló dúró níbẹ̀ báyìí, tí ẹ kò lè fi dá ìlú tí ẹ wà mọ̀. Ẹwà wo ló bù sí i? Ẹ fi hàn mí.

Ìdí tí wọ́n fi ń wó wọn kò ṣòro. Ilẹ̀ ti níye lórí ju ilé orí rẹ̀ lọ. Níbòmíràn, omi ló lé àwọn èèyàn: Meyerland, àdúgbò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1955 lẹ́bàá odò Brays Bayou, omi wọ ibẹ̀ ní 2015, ó wọ ibẹ̀ ní 2016, ìjì Harvey wá fi tirẹ̀ kún un ní 2017. Ilé ilẹ̀ tó rẹwà bẹ́ẹ̀, wọ́n wó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ́ tuntun sórí ìpìlẹ̀ gíga. N kò dá àwọn yẹn lẹ́bi. Ẹni tí omi bá lé kúrò lórí ibùsùn kò ní dúró máa wo ẹwà. Ṣùgbọ́n ilé Bàbá kò sí lẹ́bàá odò kankan. Òkè-Àdó ló wà.

Ẹ tún ní ilé ilẹ̀ pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀, ilé tálákà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Tọkọtaya kan wà, John àti Dominique de Menil, tí wọ́n wá láti ilẹ̀ Faransé nígbà ogun àgbáyé kejì, owó epo ni owó wọn, ó sì pọ̀ kọjá sísọ. Ibi tí wọ́n ra ilẹ̀ sí kángun sí River Oaks, níbi tí àwọn olówó ń kọ́ ààfin tó ní òpó. Wọ́n pe Philip Johnson, ayàwòrán ilé, láti New York, wọ́n wọ ilé náà ní 1951: ilé ilẹ̀, òrùlé pẹrẹsẹ, ojú títì jẹ́ ògiri bíríkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní fèrèsé, gbogbo gíláàsì wà lẹ́yìn, ó kọjú sí ọgbà. Wọ́n kó iṣẹ́ ọnà tí ọba kankan ò ní síbẹ̀, àwọn ère ilẹ̀ Áfíríkà wà lára wọn. Wọ́n ti tún un ṣe, ó dúró digbí. Johnson kan náà ló wá yàwòrán Yunifásítì St. Thomas ní 1957, irin dúdú, bíríkì, gíláàsì, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ alájà méjì tó so ilé kan mọ́ èkejì kí òjò má bàa pa akẹ́kọ̀ọ́. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá tí ọkàn mi bá dàrú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn máa ń tù mí lára.

Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà ìlú yìí, gbọ̀ngàn kan wà tí Mies van der Rohe, ará Jámánì, ṣe ní 1958, Cullinan Hall. Mo kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n wá òpó tó gbé òrùlé dúró láàárín gbọ̀ngàn náà fún mi. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i, nítorí òkè òrùlé níta ni àwọn irin ńlá tó gbé e wà, òrùlé so rọ̀ mọ́ wọn lábẹ́. Àkọ́bí mi wojú mi, ó ní, "Màmá, ta ló kọ́ wọn?" Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn níbi iṣẹ́.

Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí gùn tó báyìí kò tíì dé o. Orúkọ rẹ̀ ni John S. Chase. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni, wọ́n bí i ní Annapolis, ní Maryland, ní 1925. Nígbà náà, Yunifásítì Texas ní Austin kì í gba aláwọ̀ dúdú. Heman Sweatt, ará Houston níbí, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ pé òun fẹ́ ka òfin níbẹ̀. Kàkà kí wọ́n gbà á, ìjọba Texas dá yunifásítì ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Houston ní 1947, òun ló di Texas Southern. Sweatt kò gbà, ó bá ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá a láre ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 1950. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni Chase lọ forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ yíyàwòrán ilé. Ọjọ́ méjì, Bọ̀ọ̀dá mi.

Ó parí ní 1952. Ó dé Houston, kò sí ayàwòrán ilé kan tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Texas. Ẹ rántí irú ìlú tí Houston jẹ́ nígbà náà. Ní àdúgbò Riverside Terrace, nígbà tí Jack Caesar, aláwọ̀ dúdú tó ń ṣòwò màlúù, kó wọ ilé tó rà láàárín àwọn aláwọ̀ funfun ní 1952, ọdún kejì ni wọ́n ju bọ́ǹbù sílé rẹ̀. Kò kó kúrò. Kò jìnnà sí agbègbè yẹn ni Chase kọ́ ilé ara rẹ̀ sí ní 1959, ní òpópónà Oakdale.

Mo ti lọ dúró níwájú ilé náà. Láti ojú títì, kò pariwo. Ìgbà tí mo rí àwòrán bó ṣe wà nígbà tó kọ́kọ́ kọ́ ọ ni omi bọ́ lójú mi: àgbàlá ló wà láàárín ilé, yàrá yí i ká, gíláàsì ló wà láàárín yàrá àti àgbàlá, bí agbo ilé Bàbá àgbà ṣe rí kí wọ́n tó wó àkọ̀dì rẹ̀. Wọ́n ka ilé náà mọ́ àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Houston. Lẹ́yìn náà ó fi àjà kejì kún un, ó sì fi òrùlé bo àgbàlá náà. Ọkùnrin tí ọ́fíìsì kankan kò fún ní tábìlì ló kọ́ ilé tí àwọn tó kọ̀ ọ́ kò ronú kàn. Ó yàwòrán báńkì Riverside National ní 1963, báńkì tó jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú, ilé náà sì ṣì wà níbẹ̀. Ó kọ́ni ní Texas Southern, ó yàwòrán ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí wọ́n fi orúkọ Martin Luther King pè. Ẹ ronú sí i: àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gba Texas Southern kọjá pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń fọ́nnu pé àwọn ka ìwé ní Houston, abẹ́ òrùlé Chase ni wọ́n jókòó sí, wọn ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ó dun mí. Ọdún 2012 ló kú. Bí wọ́n bá wó àwọn ilé wọ̀nyẹn lọ́la, kí ni a máa fi sọ fún ọmọ pé ó wà?

Ẹ ṣì rántí fọ́tò Muhammad Ali tí Bàbá gé nínú ìwé ìròyìn, tó lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀? Abẹ́ òrùlé Astrodome ní Houston ló ti lu Cleveland Williams bolẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1966, ibẹ̀ náà ló ti na Ernie Terrell ní oṣù Kejì 1967. Ní 1965 ni wọ́n ṣí i, pápá ìṣeré ńlá àkọ́kọ́ ní ayé tí òrùlé bò pátápátá tí ẹ̀rọ amúlétutù sì wà nínú rẹ̀. Òrùlé náà fẹ̀ ju 600 ẹsẹ̀ bàtà lọ láìsí òpó láàárín. Koríko inú rẹ̀ kú nígbà tí wọ́n kun òrùlé kí oòrùn má bàa wọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lójú, ìyẹn ni wọ́n fi tẹ́ koríko oníke síbẹ̀ ní 1966. Nígbà tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́ ní 2005, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sùn síbẹ̀. Ó ti wà ní títì fún ọdún gbọọrọ. Ní 2013 àwọn olùdìbò kọ̀ láti fọwọ́ sí 217 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe, gbogbo èèyàn rò pé ó ti parí fún un. Ṣùgbọ́n ní 2017 ìjọba Texas kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sẹ́ni tó lè wó o láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ó ṣì ń wá ẹni tó máa mọ ohun tí wọn ó fi ṣe. Èmi ń gbàdúrà fún un.

Ní báyìí, ilé Bàbá. Ẹ ní kọ́ńtírátọ̀ ti sọ pé kí a gbé òrùlé sókè, kí a yọ gbogbo fèrèsé lúfà, kí a fi alumíníọ̀mù tó ń sún rọ́pò, kí a sì wó ògiri oníhò tó wà lápá ìlà oòrùn kí ilé lè "bágbà mu". Owó páànù ni ẹ bi mí. Ẹ kò sọ fún mi nípa ògiri. Ọ̀dọ̀ Màámi ni mo ti gbọ́ ọ, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé n kò mọ̀. Kí ló dé tí ẹ fi bò ó mọ́lẹ̀ fún mi?

Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ̀yin lẹ rí i dáadáa. Bàbá wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ bíríkìlà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ Ilé Kòkó. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1965, àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa, Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ ilé tiwọn. Wọ́n kan móòdù igi pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, wọ́n ń yọ búlọ́ọ̀kù oníhò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀yin lẹ ń bu omi rin ín. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi! Ẹ̀yin tí ẹ tún ka ìwé ní U.I., ní ọgbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán rẹ̀, ṣé ẹ kò rántí bí atẹ́gùn ṣe ń gba inú ògiri oníhò láìbúrárì Kenneth Dike wọlé ní ọ̀sán gangan? Ìmọ̀ kan náà ni. Èyí tí Bàbá rí lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n mú wálé, ohun tí mo sì rí níwájú ilé tí mo rà nìyẹn tí ẹsẹ̀ mi kò lè kúrò níbẹ̀.

Òwe yín náà ni mo fi ń dá yín lóhùn. Ilé Kòkó jó ní 1985. Wọn ò wó o. Wọ́n tún un ṣe, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní, a ṣì ń fi í júwe Ìbàdàn fún àlejò.

Nítorí náà, èyí ni mo ń tọrọ. Páànù ni kí wọ́n pààrọ̀, kí òrùlé má ga ju bó ṣe wà lọ, kí etí rẹ̀ sì yọ síta bí Bàbá ṣe ṣe é. Ibi tí lúfà bá ti fọ́, kí wọ́n ra gíláàsì lúfà mìíràn, wọ́n ṣì ń tà á ní ọjà, mo ti bèèrè. Tí ẹ bá ń bẹ̀rù olè, ẹ fi irin sí i láti inú, owó irin náà wà lọ́rùn mi, lọ́tọ̀ sí owó páànù. Ògiri oníhò, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Tí búlọ́ọ̀kù kan bá sán, ẹ wọn gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, a máa rí ẹni tó máa yọ irú rẹ̀. Ṣé móòdù Bàbá ṣì wà nínú yàrá ẹrù? Tó bá wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dáná.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà nílé, ẹ̀yin lẹ ń gbọ́ ariwo ayálégbé, ẹ̀yin lẹ ń dúró ti Màámi. N kò fojú kéré rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ilé Bàbá kì í ṣe ti ẹnì kan nínú wa, owó mi sì wà nínú òrùlé yẹn. Ẹ pè mí ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí kọ́ńtírátọ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín, kí èmi fúnra mi bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ sọ fún Màámi pé kí wọ́n jẹun. Tí wọ́n bá gba físà, yàrá wọn ti wà ní sẹpẹ́, kò ní àtẹ̀gùn tí wọ́n máa gùn pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n.

Èmi ni àbúrò yín,
Àbẹ̀kẹ́